Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Màmá Àgbà ní Géètì Ilé-ìwé

Òróró ti gbóná jù. Èéfín ń rú lórí agbada, ìyá mi sì ń pariwo pé kí n fa igi kan kúrò nínú iná kí kókóró tí à ń dín má baà jóná, nígbà tí fóònù bàbá mi dún nínú pálọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Ẹ̀yìnkùlé la wà, ṣùgbọ́n fèrèsé ṣí sílẹ̀, a sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí bàbá mi ń sọ.

"Màámi, ẹ kú ọjà o." Wọ́n tẹ́tí sí ẹni tó dáhùn. "Ta ni ń sọ̀rọ̀? Níbo lẹ ti rí fóònù ìyá mi?" Nígbà tí wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ padà, ohùn wọn ti yàtọ̀. "Gbọ́mọgbọ́mọ kẹ̀? Ta ni gbọ́mọgbọ́mọ? Ìyá tó bí mi lọ́mọ?"

Igi tí mo fà jáde bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi dúró gbagidi pẹ̀lú ṣíbí oníhò lọ́wọ́, òróró gbígbóná ń kán sí ìró wọn, wọn kò sì mọ̀. Bàbá mi yọ sí wa lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú sìńgílẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́rùn àti bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Wọ́n ti mú Màámi," ni wọ́n wí. "Ní Ìlaró. Wọ́n ní Màámi ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kókóró, wọ́n fẹ́ jí wọn gbé."

"Ilé-ìwé wo?" ni ìyá mi bi wọ́n.

Bàbá mi wò mí. Mo ṣì rántí ìwò yẹn. "Ilé-ìwé àwọn obìnrin yẹn. Èyí tí mo ní Àjíkẹ́ yìí kò ní lọ."

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí Màmá Àgbà jẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè rò pé orí wọn ló ti ń dàrú. Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Ìwòyè-Kétu, létí bọ́dà, ni a bí wọn sí. Ọkọ ló gbé wọn wá sí Ayétòrò, ṣùgbọ́n ohùn Kétu kò kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi darúgbó. Bí wọ́n bá la ẹnu lọ́jà, àjèjì a máa rò pé láti òdìkejì bọ́dà ni wọ́n ti sọdá wá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kókóró ni wọ́n ń ṣe tà. Ìró pátákó wọn ló máa ń jí mi. Wọ́n á ti ro apá kan ìyẹ̀fun àgbàdo nínú omi gbígbóná, wọ́n á da apá kejì sí i pẹ̀lú ṣúgà àti àlùbọ́sà tí wọ́n gún kúnná, wọ́n á sì máa pò ó títí yóò fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí pátákó, kùrù, kùrù, kùrù, títí ó fi máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òórùn àgbàdo àti àlùbọ́sà tó ń dín nínú òróró ni òórùn gbogbo aṣọ mi títí kan yúnífọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń fi imú fa ọwọ́ mi bí ẹni fa búrẹ́dì gbígbóná.

Ibi tí wọ́n ti ń yí kókóró ni mo ti máa ń kàwé. Màmá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn kí n máa kà á sókè. Bí mo bá kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí n sọ ohun tó wí. Ní ọjọ́ kan, mo sọ fún wọn pé ayé ló ń yí oòrùn ká, kì í ṣe pé oòrùn ń rìn. Wọ́n dá ọwọ́ dúró lórí pátákó.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni, Màmá."

"Ẹni tó kọ ìwé, ṣé o ti wádìí ẹ̀?"

Wọ́n kì í fi ọ̀rọ̀ ìwádìí ṣeré. Nílé wa, bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wo ilé tí ọmọ ń lọ, kí a mọ̀ bóyá wọ́n ń lu ìyàwó níbẹ̀, bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé, bóyá ẹni tó bá ṣàìsàn ń rí ìtọ́jú. Ẹni tó bá lọ wádìí kì í sọ ohun tó bá wá. Á ṣe bí ẹni tó ń kiri ọjà, tàbí bí ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ tirẹ̀, á bẹ omi mu, á jókòó, á máa béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kò kàn án. Màmá Àgbà ni wọ́n máa ń bẹ̀ ní àdúgbò wa fún iṣẹ́ yìí. Kókóró wọn ni wọ́n fi ń wọlé. Ta ló máa lé arúgbó tó gbé kókóró gbígbóná dání?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ń múra láti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé méjì tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà, mo sì yege nínú méjèèjì dé ibi pé olùkọ́ mi wá kí bàbá mi nílé. Ọ̀kan jẹ́ ilé-ìwé tuntun ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, tó ní kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí dígí, adágún omi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ sì rí búlúù nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fún wa. Èkejì ni ilé-ìwé àwọn obìnrin ní Ìlaró, ilé àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ayétòrò, àwọn ọ̀gá wọn níbẹ̀ sì ń kó ọmọ wọn lọ sí ti ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n lọ. Èmi náà ń fẹ́ ibẹ̀. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń kà á: kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ ẹ. Mo ti ń lá àlá omi búlúù yẹn. Mo máa ń fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Màmá Àgbà jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi bàbá mi: "Ṣé ẹ ti wádìí wọn?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, ilé-ìwé ni o. Kì í ṣe ilé ọkọ."

"Ṣé kò ní sùn níbẹ̀ ni?"

"Á sùn níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá Àgbà padà sídìí pátákó wọn. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, wọ́n ní àwọn ń lọ ta kókóró lọ́jà Ìlaró. Kò sẹ́ni tó fura.

Ìrìn-àjò wa sí Ìlaró lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń rìn sẹ́yìn ni. Ìyá mi dúró tì iná, èmi àti bàbá mi la jọ lọ, torí mo sunkún débi tí wọn ò fi lè fi mí sílẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wá ìrẹsì bọ́dà lábẹ́ àga. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ń sọ pé wọ́n ti mú gbọ́mọgbọ́mọ kan ní Ìlaró láàárọ̀ yìí, arúgbó ni, ó fẹ́ kó àwọn ọmọ kọjá sí Kùtọnù, wọ́n ní kókóró tó bá fún ọmọ jẹ, ọmọ náà kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Háà, ayé ti bàjẹ́," ni dírẹ́bà wí. "Wọn ì bá ti sun ún."

Bàbá mi gbá ọwọ́ mi mú. Mi ò rò pé mo ti bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé àwọn ènìyàn dáadáa ló ń sọ̀rọ̀ náà. Obìnrin yẹn ti fún mi ní ọsàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà fún wa, orí ni mo kọ́kọ́ rí. Orí funfun kékeré kan, irun tí wọ́n dì mọ́lẹ̀, awọ orí hàn láàárín rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Màmá Àgbà ni. Wọ́n ti tú gèlè wọn wò bóyá oògùn wà nínú rẹ̀, gèlè náà sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá kókóró. Mi ò tíì rí orí wọn ní gbangba rí. Èmi tí mò ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wọn! Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n tú gèlè mi, inú sì bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, débi tí mi ò fi lè kí ẹnikẹ́ni.

Màmá Àgbà rí mi. "Àjíkẹ́, kí ló dé tí o ò wọ bàtà gidi?"

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì dúró sẹ́yìn àga wọn bí sójà. Ọ̀dọ́ ni, ó sì ń làágùn. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ni ìyá yìí?" ni ó bi bàbá mi. "Láti aago méje ni wọ́n ti wà lẹ́bàá ọgbà níbi tí àwọn ọmọ ti ń fọṣọ. Mo ní kí ni wọ́n ń wá, wọ́n ní ìyàwó làwọn ń wá fún ọmọ-ọmọ àwọn. Ìyàwó! Nínú àwọn ọmọ kékeré yìí!"

"Ẹ wo irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ," ni mètírọ́ọ̀nù tó jókòó nítòsí fèrèsé wí. "Ta ló ń ti ilẹ̀kùn yín lálẹ́? Bí ara ọmọ kan kò bá yá lóru, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Ṣé ẹ máa ń yó? Ta ló ń béèrè irú ìyẹn, bí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ibi?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé ìwádìí, wọ́n ń ṣàlàyé ìdánwò mi, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu. Ọ̀gá àgbà náà, obìnrin gíga kan tó wọ awò ojú, fi sùúrù tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

"Èyí ni ọmọ náà? Mo rántí máàkì rẹ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n, ọ̀gbẹ́ni, àwọn òbí máa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì lè gbà á."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà," ni bàbá mi wí, wọ́n ti fẹ́ dìde. "Ibòmíràn la tilẹ̀ ń mú un lọ."

"Dúró ná," ni Màmá Àgbà wí.

Wọ́n dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mú gèlè wọn ni. Wọ́n yí sí ọkùnrin géètì náà, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún un. Màmá Àgbà, pẹ̀lú orí funfun wọn, kúnlẹ̀ fún ọmọdékùnrin tó mú wọn. Gbogbo wa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, òun náà dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"O ò ní kú, ọkọ mi. Mo dúpẹ́ ni. O ṣeun tí o mú mi. Bí o bá rí irú mi lọ́la, tún mú un."

Wọ́n di apá àga mú, wọ́n dìde, wọ́n sì kọjú sí bàbá mi.

"Mo ti lọ sí ti ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ní mò ń lọ kí àbúrò mi. Géètì wọn dára, ó ń dán. Ọkùnrin ibẹ̀ ń tẹ fóònù. Mo gbé igbá mi wọlé, kò gbójú sókè. Mo rìn títí mo fi dé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọbìnrin kan jẹ kókóró mi, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Bí mo bá ní kó gbé igbá bá mi dé títì, á gbé e. Àwọn olùkọ́ kọjá lára mi, wọ́n ní, 'Màmá, ẹ kú iṣẹ́.' Mo jáde. Ọkùnrin yẹn ṣì ń tẹ fóònù."

Mètírọ́ọ̀nù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ibi tí wọ́n ti tú mi ní gèlè yìí," ni Màmá Àgbà wí, "ibẹ̀ ni kí ẹ mú ọmọ yẹn wá."

Ọ̀gá àgbà dìde, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé gèlè náà fún Màmá Àgbà. "Ẹ má bínú sí wa, Màmá."

"Bínú kẹ̀? Kí lẹ ṣe?" Wọ́n ti ń wé gèlè. "Ṣé ẹ ṣì ń gbà á?"

"Bí bàbá rẹ̀ bá mú un wá, a máa gbà á."

Ọkùnrin géètì ń wo igbá lórí tábìlì. "Màmá, kókóró yìí... ṣé kò sí nǹkan nínú ẹ̀?"

"Ṣúgà wà nínú ẹ̀. Jẹ ẹ́, bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, á jẹ́ pé èmi ni."

Bó ṣe kó o sẹ́nu, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tá a bá padà, bàbá mi kò wo ojú ìyá wọn. "Màámi, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Mo sọ. O rẹ́rìn-ín."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé inú mi kò dùn sí Màmá Àgbà lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn wọn, ẹ̀rù tó bà mí kò tíì kúrò lára mi, síbẹ̀ mò ń ronú omi búlúù. Mo ń gbàdúrà pé kí bàbá mi má gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà. Ó sì jọ pé wọn kò fẹ́ gbọ́, torí wọ́n ń rìn kiri ilé fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹni tí eyín ń dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò wọ aṣọ ọ́fíìsì. Bùbá àtijọ́ kan ni wọ́n wọ̀, èyí tí wọ́n fi ń kun ilé. Wọ́n gbé àpò kókóró kan láti inú agbọ̀n Màmá Àgbà, wọ́n sì gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ. Bàbá mi! Ẹni tí kì í gbé báàgì ọjà fún ìyá mi!

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí bàbá mi dé. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá pátákó, Màmá Àgbà ń yí kókóró lọ, wọn ò gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n bi ọ́ léèrè ẹni tí o jẹ́?"

Bàbá mi tẹ orí ba. "Wọ́n kí mi káàbọ̀ ni."

Bí mo ṣe lọ sí Ìlaró nìyẹn. Páànù pupa, omi kànga, ẹ̀wà tí òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní ọmọ-ọmọ gbọ́mọgbọ́mọ. Bí mo bá na bisikíìtì sí wọn, wọ́n á sá, wọ́n á ní, "Kùtọnù rèé o!" Mo sunkún lórí rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà kejì, mo ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin géètì kò jẹ́ kí Màmá Àgbà wọlé láìbéèrè orúkọ wọn, títí dé ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n wá kí mi. Màmá Àgbà a dúró ṣánṣán, wọ́n á sì sọ orúkọ wọn àti ti bàbá wọn fún un.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, Màmá Àgbà ti lọ, mo sì ń wá iṣẹ́ kiri. Gbogbo ìgbà ni mo ń dúró níwájú géètì kan tàbí òmíràn. Àwọn tá a jọ ń wá iṣẹ́ máa ń bínú bí wọ́n bá ń bi wọ́n pé ta lẹ fẹ́ rí, níbo lẹ ti ń bọ̀. Èmi kì í bínú. Ara mi máa ń balẹ̀, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn kí wọ́n má rò pé n kò lógbọ́n. Ibi tí mo bá wọlé tí kò sẹ́ni tó wò mí, tí gbogbo ènìyàn kàn ń kí mi káàbọ̀, ibẹ̀ ni àyà mi ti máa ń já. Mo máa ń dúró láàárín ilẹ̀ dídán wọn, màá máa wò yíká, màá máa wá ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.